Géèjì Náà Dúró Ní Àádọ́rin

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Làmídì ti tẹ kíìkì ẹ́ńjìnnì náà títí òógùn fi bò ó lójú, ibi kan náà ni ọwọ́ géèjì tó fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dúró sí. Yóò gòkè, yóò tún gòkè díẹ̀, yóò wá dúró ní àádọ́rin bí ẹni pé wọ́n kàn án ní ìṣó mọ́bẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pístíìnì tuntun sí, tí rìǹgì rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí wọ́n gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ títí ó fi ń dán, ọgọ́fà ló yẹ kó kéré jù níbẹ̀. Ní àádọ́rin, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò fún pọ̀ tó, iná kò sì ní mú epo. Èèyàn lè tẹ kíìkì títí di ọjọ́ àjíǹde.

"Ọlọ́hun Ọba," ó wí, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Fítà ni Làmídì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì ní Accra. Ẹ̀yìn àwọn tó ń ta aṣọ ní Odawna ni búkà iṣẹ́ rẹ̀ wà, láàárín àwọn fítà mìíràn tí búkà tiwọn tò lọ títí kan etí gọ́tà. Accra ni wọ́n bí i sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lójú kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì alùpùpù bá ti sú gbogbo ayé, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ẹ gbé e lọ fún Alata." Orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Ghana nìyẹn. Bó bá ti gbọ́ ọ, á fa ojú ro bí ẹni pé wọ́n bú u, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dùn débi pé kò ní rántí jẹun ọ̀sán.

Ti Afua ni ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ̀ yìí. Afua ní àwọn alùpùpù onítáyà mẹ́rin mẹ́rin kan, kúáàdì ni wọ́n ń pè é, tí àwọn tó wá ṣe fàájì ń gùn létí òkun ní Kokrobite. Iyanrìn ló wọ inú ọ̀kan, ó sì jẹ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ run. Tú-sìtírókù ni, irú èyí tí a ń po òróró mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀, tí kò ní fáfù kankan nínú. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní fáfù, ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà sá jáde nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dun Làmídì. Àlọ́ tí kò le ni, òun tí wọ́n ń pè ní Alata kò sì rí i já.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé nítorí kúáàdì Afua nìkan ni òógùn fi ń bo ọkùnrin yìí. Nínú Ramadan ọdún tó kọjá, ọjọ́ kẹsàn-án àwẹ̀, ó jí láti jẹ sààrì, apá ọ̀tún kò dáhùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò dáhùn. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi dùbúlẹ̀. Nígbà tó yá, Ọlọ́hun ṣe é, ẹnu padà sípò, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ nǹkan, ó ju ọ̀pá ìtilẹ̀ nù, gbogbo mọ́sálásí sì bá a dúpẹ́. Usamah ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Tema, tó sì ń gbé ní Ashaiman, ló wá ní kí bàbá òun fi búkà sílẹ̀, kó wá jókòó sọ́dọ̀ òun, kó máa sinmi. Làmídì kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn, sinmi. Ṣé òkú lòun ni?

Wọ́n jiyàn títí, Lubabah ìyàwó rẹ̀ sì dá sí i. Àdéhùn tí wọ́n ṣe níwájú rẹ̀ ni pé kí Làmídì tún ẹ́ńjìnnì kan tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òun nìkan, láìsí pé ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá dìde ṣiṣẹ́, Usamah kò ní dárúkọ búkà mọ́ láé. Bí kò bá dìde, kọ́kọ́rọ́ búkà yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lópin oṣù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Afua gbé kúáàdì dé, ó sì ní mẹ́ta mìíràn ń bẹ nílẹ̀ tí òun yóò gbé wá bí èyí bá ṣiṣẹ́. Làmídì rò pé Ọlọ́hun ló rán an.

Ọjọ́bọ̀ náà ni Afua fẹ́ wá gbé e, lẹ́yìn ìrun Láásárì.

Ó ti ṣe gbogbo ohun tí fítà gidi máa ń ṣe. Ó fa tọ́rọ́tù débi tó dé, nítorí bí ẹnu kábúrétọ̀ kò bá ṣí, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, géèjì yóò sì máa parọ́. Géèjì kò kúrò ní àádọ́rin. Ó da òróró ṣíbí kan sínú ihò pọ́lọ́ọ̀gì, ó rọra yí ẹ́ńjìnnì kí òróró lè yí rìǹgì ká, ó tún tẹ kíìkì. Ọgọ́rin.

Ọgọ́rin yìí ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí òróró bá mú kí géèjì gòkè, ohun tí fítà ń kà sí i ni pé afẹ́fẹ́ ń gba àárín rìǹgì àti ara sílíńdà jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn èèyàn pé mẹ́wàá péré kò tó ohun tí à ń dájọ́ lé lórí, pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí òróró kò ní gbé sókè díẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó rántí ẹ̀kọ́ ara rẹ̀.

Ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ibi tí irin ti pàdé irin, ìfófò kankan kò yọ. Ó tú u. Ó gbé orí sílíńdà lé orí dígí, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọfà tó wà lórí pístíìnì dojú kọ ọ̀nà èéfín bó ṣe yẹ. Ẹnu rìǹgì méjèèjì jókòó sí ìdí píìnì wọn, èyí kò gun èyí. Ó ki abẹ tín-ínrín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo bọ ẹnu rìǹgì, ó wọlé wẹ́kú. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, èyí tó fi òòlù kékeré gé fúnra rẹ̀ láti ara pépà gásíkẹ́ẹ̀tì, ló wá ń fura sí pé ó nípọn jù. Ó gé òmíràn tó fẹ́lẹ́. Ó tò ó padà, ó de gbogbo nọ́ọ̀tì, ó tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Àádọ́rin.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan báyìí, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Láàárín àwọn fítà ibẹ̀, ẹni tó bá to ẹ́ńjìnnì ló ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Títí iná yóò fi mú lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kì í kan kíìkì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá àṣà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dì í mú ju òfin ìjọba lọ. Fítà tí ẹlòmíràn bá bá tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, wọn yóò sì fi ṣe ẹlẹ́yà fún odidi ọdún kan. Nítorí náà, láti àárọ̀ tí Làmídì ti ń làágùn yìí, wọ́n ń wò ó láti búkà tiwọn, wọ́n ń mi orí, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fi ẹsẹ̀ kàn án.

Ó jókòó, ó ń kà á lórí ìka. Rìǹgì pé. Pístíìnì pé. Orí sílíńdà tẹ́jú. Gásíkẹ́ẹ̀tì kò jò. Kí ló kù? Ó ku sílíńdà nìkan. Ta ló gbẹ́ inú sílíńdà? Ṣàkírù ni.

Ó wá rántí. Ọdún tí dumsor le jù nìyẹn, tí iná mànàmáná ń lọ nígbà tó bá wù ú. Ṣàkírù ti gbẹ́ sílíńdà yẹn dé ìdajì lórí léètì, ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, nígbà tí iná lọ fìì. Ọjọ́ kejì ni iná tó dé, tó gbẹ́ ìdajì tó kù. Ara Làmídì gbóná lójijì. Kí a sọ tòótọ́, inú rẹ̀ dùn, nítorí ó ti rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.

Ṣàkírù kì í ṣe ẹni kan ṣáá fún un. Wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ Làmídì kú, Ṣàkírù ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní Adabraka, àgbà ọkùnrin pọn àgbà ọkùnrin, títí dé inú taksí. Ṣùgbọ́n Làmídì kò rántí ìyẹn nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà oníléètì. Oníbàárà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan gbé sílíńdà alùpùpù dání.

"Ṣàkírù, o ba sílíńdà mi jẹ́."

Ṣàkírù yọ awò ojú rẹ̀. "Sílíńdà wo?"

"Ti kúáàdì. Iná lọ mọ́ ọ lọ́wọ́, o ò tún un gbé kalẹ̀ dáadáa. O gbẹ́ ẹ wọ́, o sì gbé e fún mi bẹ́ẹ̀."

"Mo wọ̀n ọ́n níṣojú ẹ, Làmídì."

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n? Ojú tó ti ń ṣú yẹn, àbí ọwọ́ tó ń gbọ̀n? Gbogbo wa la mọ̀, ojú ló ń tì wá láti sọ fún ẹ. Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti gbé léètì yìí sílẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì pé."

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu Làmídì jáde. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un tí kò fi lè sùn, òun náà ló kó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọjà. Oníbàárà tó gbé sílíńdà dání wo Ṣàkírù, ó wo léètì, ó ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, mò ń bọ̀," ó sì gbé sílíńdà rẹ̀ lọ. Kò padà wá.

Ṣàkírù gbé awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó gbé irinṣẹ́ tó fi ń wọn inú sílíńdà, ó tẹ̀lé e.

"Tú u," ó wí nígbà tí wọ́n dé búkà.

Làmídì tú u. Ṣàkírù ki irinṣẹ́ bọ inú sílíńdà, lókè, láàárín, nísàlẹ̀, lóòró, níbùú. Nígbàkígbà tó bá wọ̀n ọ́n, kì í kà á fúnra rẹ̀. Yóò nà án sí Làmídì ni.

"Èló ló wà níbẹ̀?"

Iye kan náà ni. Ìgbà mẹ́fà, iye kan náà. Sílíńdà náà gún régé, ẹni tó bá sọ pé ó wọ́ kò bẹ̀rù Ọlọ́hun.

"Ó dáa," Ṣàkírù wí, ohùn rẹ̀ sì le. "Tò ó padà. Tẹ̀ ẹ́ níṣojú mi kí n rí àádọ́rin yẹn."

Àwọn fítà ti ń pé jọ. Làmídì tò ó padà, ó fi géèjì sí ihò pọ́lọ́ọ̀gì, ó di ọwọ́ kúáàdì mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé kíìkì. Gbogbo ojú wà lára géèjì. Ṣàkírù nìkan ni kò wo géèjì, inú ṣì ń bí i débi pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò tìkà-tègbin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí i. Ẹsẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, ó lọ́ra, ó wá jẹ́ pé gbogbo ara Làmídì ló ń wọ̀ ọ́ lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn tó wúwo bá ń ti ara rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ṣòkòtò. Ọwọ́ tó fi di kúáàdì mú le bí irin.

Ìbínú kúrò lójú Ṣàkírù.

"Àádọ́rin ni lóòótọ́," ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn.

"Ẹ lọ síbi iṣẹ́ yín," Ṣàkírù wí. "Kò sí ìran níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó sún mọ́ ọn. "Làmídì, jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́."

"Èmi ni mo tò ó."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

"A ò fẹ́ tan iná. Géèjì la fẹ́ wò. Pọ́lọ́ọ̀gì ò sí nínú ẹ̀, kò jẹ́ nǹkan kan." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo bẹ̀ ọ́."

Làmídì yẹ̀ fún un. Ṣàkírù kò sanra, ọjọ́ orí wọn kò sì ju ara wọn lọ. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó fa tọ́rọ́tù, ó tẹ kíìkì. Etí ni Làmídì kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ìró náà yàtọ̀. Ó ki, ó sì le, ìró ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ pé, tí òun kò tíì gbọ́ láti àárọ̀. Ní ìtẹ̀ kejì, géèjì ti dé ọgọ́rùn-ún. Ní ìkarùn-ún, ó dúró ní àádóje.

Làmídì fojú sún mọ́ géèjì náà, ó tún un kà.

"Tún un tẹ̀," Làmídì wí.

Àádóje.

Ó ti Ṣàkírù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dá géèjì padà sí òdo, ó dá ẹsẹ̀ lé kíìkì, ó sì fi gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń ké bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bí obìnrin tó ń rọbí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, títí Ṣàkírù fi dì í mú lápá. Kò wo géèjì mọ́. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ wá ń yé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fẹ́ kó yé òun. Láti ìgbà tó ti dìde lórí àìsàn, alùpùpù tí wọ́n ń gbé wá fún un, bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń tan púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ní kíìkì, ẹ́ńjìnnì wọn ti gbó, ọmọ ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́. Ní mọ́sálásí, ọwọ́ ló fi ń ti ilẹ̀ kó tó lè dìde, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé àgbà ló dé. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó bá a lọ́sàn-án yẹn kò ní orúkọ. Wọ́n ti sọ fún un pé ara rẹ̀ ti yá, ó gbà, ó dúpẹ́, ó tún ṣe sàráà. Irọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì ló yá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, òun tó ṣe iṣẹ́ náà ni kò pé mọ́.

"Fi pọ́lọ́ọ̀gì sí i," Ṣàkírù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Afua ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Làmídì fi pọ́lọ́ọ̀gì sí i. Kò tíì nu ojú tán tí ọkọ̀ akẹ́rù Afua fi dúró létí gọ́tà. Adabraka ni ìyá Afua ti ń ta aṣọ nígbà ayé rẹ̀, ọmọ Ìnísà ni, nítorí náà Afua gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ.

"Baba, ẹ kú iṣẹ́ o! Ó ti ṣe?"

Kí Làmídì tó la ẹnu, Ṣàkírù ti bọ́ síwájú.

"Ó ti ṣe, ọmọ mi. Èmi ni mo fi í falẹ̀. Sílíńdà tí mo gbẹ́ ò dáa, iná lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti wá tún un ṣe. Bàbá yìí ò lẹ́bi kankan." Bó ti ń sọ ọ́, ó ti gun kúáàdì, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi lóòótọ́. Ó tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, èéfín aláwọ̀ búlúù bo búkà, òórùn òróró òun epo gba gbogbo ibẹ̀ kan. Kò sí fítà tí kò gbé orí sókè láti wo ẹsẹ̀ ta ló tan iná.

Afua pàtẹ́wọ́. "Ei, Baba! Ó dáa paa! Mọ́ńdè, màá kó àwọn mẹ́ta yẹn wá fún yín." Ó wá yíjú sí Ṣàkírù, ó tẹ orúnkún díẹ̀ fún ọ̀wọ̀. "Ẹ má bínú, Baba. Sílíńdà wọn, màá gbé e lọ ibòmíràn fún gbígbẹ́."

"Kò burú," Ṣàkírù wí. Ó ń nu irinṣẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, ó ń nu ibi tó ti mọ́.

Gbogbo ohun tí Làmídì ń tọrọ láti oṣù yìí wá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ́ńjìnnì ti dìde. Usamah kò sí níbẹ̀, kò ní mọ̀. Mẹ́ta mìíràn ń bọ̀. Kó ṣáà ti dákẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tẹ àwọn mẹ́ta náà? Ṣàkírù yóò tún wá, yóò tún parọ́, wọn yóò sì máa bu orúkọ rẹ̀ jẹ títí kò fi ní ku oníbàárà kan tí yóò gbé irin wá sórí léètì rẹ̀. Ó ro ọkùnrin tó ní "mò ń bọ̀" lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn rẹ̀ ní kó dákẹ́. 

"Pa á," ó wí.

Ṣàkírù pa á. Làmídì dìde dúró, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lè gbọ́.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣe sílíńdà. Ṣàkírù gbẹ́ ẹ re. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn láàárọ̀ yìí lójú yín. Ẹsẹ̀ mi ni. Ẹsẹ̀ mi ò lè tẹ ẹ́ńjìnnì mọ́."

Òòlù tó ń dún ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún dákẹ́. Ṣàkírù bo ojú. "Làmídì, o ò bá má sọ ọ́," ó ń wí, "o ò bá má sọ ọ́."

Afua wo ẹsẹ̀ náà. Láti ọjọ́ tó ti mọ Làmídì, kò wò ó rí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba," ó wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ paa." Wọ́n ti kúáàdì sórí ọkọ̀. Kò dárúkọ Mọ́ńdè mọ́, Làmídì náà kò sì bi í.

Ó pe Usamah fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kó wá mú kọ́kọ́rọ́, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó sì pa fóònù.

Nígbà tó yá, iná mànàmáná dé, wọ́n sì gbọ́ léètì Ṣàkírù tó ń yí. Ìyá kan tó ń ta aṣọ àlòkù ń bọ̀ láti ibi àwọn fítà, igbá aṣọ lórí. Ọdún gbọ̀ọ̀rọ̀ ló fi ń gba iwájú búkà Làmídì kọjá lójoojúmọ́, "ẹ kú iṣẹ́ o" ló sì máa ń wí kó tó kọjá. Ó dúró díẹ̀. Ó wo Làmídì lórí bẹ́ǹṣì, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá," ó wí.

"Óò," Làmídì dá a lóhùn. "Ẹ kú ọjà."